Safe Corridor: mo fún un ní sítáà mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀

Sítáà mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún Safe Corridor, ètò ìjọba fún àwọn tó jáde kúrò lọ́dọ̀ Boko Haram, mo sì mọ̀ pé èébú ti ń bọ̀ lọ́nà. Àwọn kan á ní sítáà kan gan-an ti pọ̀ jù fún ibi tí wọ́n ti ń fi owó ìlú bọ́ Boko Haram, àwọn mìíì á ní kí ló kàn mí ńbẹ̀, ṣé mo ti gbé nínú igbó Sambisa rí ni. Mi ò gbé ibẹ̀ rí o, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Àmọ́ owó tí wọ́n fi ń ṣe é, tèmi wà níbẹ̀, tiyín náà wà níbẹ̀, orí owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́ ká tó fojú kàn án. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ review gígùn sórí ìrẹsì tí iyọ̀ ẹ̀ pọ̀, ẹ ṣáà jẹ́ kí n kọ tèmi.

Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, Operation Safe Corridor ni ètò tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016 fún àwọn ọkùnrin tó bá jáde kúrò lọ́dọ̀ Boko Haram. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà àwọn ológun ló wà, oríṣiríṣi iléeṣẹ́ ìjọba ló jọ ń ṣe é, kámpù wọn sì wà ní Mallam Sidi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kwami, ìpínlẹ̀ Gombe. Tí wọ́n bá ti yẹ èèyàn wò tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ò le púpọ̀, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbé e lọ. Client ni wọ́n ń pe àwọn tó wà níbẹ̀, wọn kì í pè wọ́n lẹ́lẹ́wọ̀n. Mo ní háà, tó bá jẹ́ pé kọ́sítọ́mà ni wọ́n, a jẹ́ pé a lè yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún wọn wò bí a ṣe ń yẹ iṣẹ́ yòókù wò nìyẹn.

Mi ò dé kámpù náà o, sójà tó wà lẹ́nu géètì ò ní jẹ́ kí irú èmi wọlé. Ìròyìn tí International Crisis Group, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ogun, gbé jáde lóṣù kẹta 2021 nípa ẹ̀ ni mo kà, mo ka ti Mercy Corps, àjọ aṣèrànwọ́ kan, ti 2016, mo ka ti UNDP, àjọ ìdàgbàsókè ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè, mo wá lọ jókòó ti Mállàm kan tó ń ta tíì àti índómì ní Sábó n'Ìbàdàn níbí, ọmọ Bama ní Borno ni, ogun ló lé e wá. Òun ló jẹ́ kí gbogbo ìwé tí mo kà yé mi.

Mi ò lè sọ bóyá ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jáde dáa tí mi ò bá kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe wọlé. Ohun tí púpọ̀ nínú àwa tá a wà lápá ibí rò ni pé wáàsí kan ṣoṣo ló yí gbogbo wọn lórí tí wọ́n fi gbébọn. Mohammed Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀ ń wàásù lóòótọ́, Maiduguri ló ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bíi 2002, àmọ́ kì í ṣe wáàsí nìkan ló ń pín. Ọmọkùnrin tí ò rówó gbé ìyàwó, wọ́n á bá a dá sí i. Ẹni tébi ń pa á jẹun. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò á rí díẹ̀ yá. Níbi tíjọba ò ti ṣe ìkankan nínú ẹ̀ rí, ta ló máa ní kó má ṣe é?

Ẹ wá gbọ́ ti helmet. Lóṣù kẹfà 2009 àwọn ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ ń lọ sin òkú, ọ̀kadà ni wọ́n gùn, wọn ò dé helmet, àwọn agbófinró dá wọn dúró, ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di ìbọn, èèyàn 17 ló gbọgbẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù keje, ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ pátápátá, nǹkan bíi èèyàn 800 ló kú láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n mú Yusuf láàyè, àhámọ́ ọlọ́pàá náà ló kú sí, ìbọn ni wọ́n yìn fún un. Kò délé ẹjọ́. Shekau tó gba ipò ẹ̀ ò nílò láti wá ọ̀rọ̀ kan sọ mọ́, wọ́n ti bá a sọ ọ́ tán.

Mi ò sọ pé helmet ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ o, ẹ má kọ ohun tí mi ò sọ mọ́ mi lẹ́nu. Àmọ́ lọ́dún 2017 UNDP fọ̀rọ̀ wá àwọn tó fúnra wọn wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wò láwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan ní Áfíríkà, tiwa náà wà níbẹ̀, 71 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ohun tó sún àwọn dé ibi tí àwọn ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́ ni nǹkan tí ìjọba ṣe, bóyá wọ́n pa ẹbí wọn ni o, bóyá wọ́n wá mú ọ̀rẹ́ wọn lọ ni o. Ó sì ju ìdajì lọ nínú wọn tó gbà pé àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìtumọ̀ ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀sìn tí àwọn ní àwọn ń jà fún.

Èyí tí Mercy Corps kọ nípa owó yíyá ló bá mi lójijì jù. Télọ̀, alápatà, obìnrin onídìrí, wọ́n á wá bá wọn pé ẹ gbowó yìí ẹ fi kún ọjà yín, ẹ má ṣèyọnu, nígbà tó bá wá di àtisan, wọ́n á ní ṣé owó lẹ fẹ́ dá padà ni àbí ẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí loan app ti fi fọ́tò yín ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù yín, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára, ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tí ò bá san tí ò sì wá, pípa ni wọ́n ń pa á. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ló fà wọ́n lọ, ẹ̀gbọ́n ló fà wọ́n lọ, ọkọ ló kó wọn lọ. Àwọn kan sì wà tí wọ́n jí gbé lásán, ẹ kò ní gbàgbé àwọn ọmọ Chibok 276 ti 2014.

Ọ̀rọ̀ dídúró wá ńkọ́? Mo bi Mállàm pé kí ló dé táwọn kan ò sá kúrò níbẹ̀. Ó ń da tíì láti kọ́ọ̀pù kan sí ìkejì lọ́wọ́, ó gbé kọ́ọ̀pù tòkè sókè gan-an bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é kó lè yọ fọ́ọ̀mù, kò tiẹ̀ wo ibi tó ń dà á sí. Ó ní, "Anti, ta ló sọ fún yín pé wọn ò sá? Èmi ni mo ní ẹsẹ̀."

Oṣù kẹsàn-án 2014 ni Boko Haram gba Bama. Òun fẹsẹ̀ rìn dé Maiduguri, ó ní bàtà òun ti já kóun tó dé ibì kankan. Ọmọ àbúrò bàbá ẹ̀ wà ní abúlé kan lẹ́yìn Bama, ìyá ẹni yẹn ò lè rìn, ó sì ní òun ò ní fi ìyá òun sílẹ̀, ló bá dúró. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n ń gbà nínú jéró tó bá kórè. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó máa ru ẹrù. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé kùmọ̀ fún un pé kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà abúlé lóru. Lẹ́yìn náà wọ́n fún un níyàwó, kì í ṣe pé wọ́n bi í bóyá ó fẹ́, ó ti bímọ méjì fún un báyìí. Mállàm gbé tíì náà síwájú mi, ó ní, "Wallahi Anti, ẹ bá mi sọ ọ́, ṣé Boko Haram ni àbí kì í ṣe Boko Haram?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo mu tíì mi.

Torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ló kún Mallam Sidi. Crisis Group sọ ọ́ kedere pé ọ̀pọ̀ àwọn tó gba inú ètò náà kọjá kì í ṣe jagunjagun rárá, àwọn ará abúlé tí ogun ká mọ́ ibi tí Boko Haram ń ṣàkóso ni, wọ́n rí àyè sá jáde, sójà mú wọn. Ẹni tó bá sì wà nínú igbó ní tòótọ́, ohun tó ń dá a dúró pọ̀ ju ìgbàgbọ́ lọ. Tí wọ́n bá ká a mọ́ ibi tó ti ń sá, ikú ni. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti sọ fún un láti ọjọ́ pípẹ́ pé sójà máa pa á. Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́, ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ ISWAP, ẹgbẹ́ tó ya kúrò lára Boko Haram, létí adágún Chad tún yàtọ̀, àwọn yẹn ń gba owó orí lọ́wọ́ apẹja àti oníṣòwò, wọ́n ń dájọ́, wọ́n jẹ́ káwọn èèyàn ná ọjà wọn, ẹlòmíì níbẹ̀ ń rí jẹ ju bó ṣe ń rí jẹ nígbà tíjọba ṣì wà ńbẹ̀. Kò dùn ún gbọ́ létí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Kí ló wá ń mú wọn jáde? Nínú gbogbo ohun tí mo kà, mi ò rí ibi tẹ́nì kan ti sọ pé wọ́n bá òun jiyàn títí òun fi rí i pé òun ṣìnà, kí òun tó wá dìde kúrò. Ebi ni. Ìjà àwọn ọ̀gá ni. Ẹ̀rù Shekau ni, torí nígbà tó yá ó ń pa Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń kírun gan-an, ìyẹn wà lára ohun tó fà á tí ẹgbẹ́ náà fi pín sí méjì lọ́dún 2016, tí ọmọ Yusuf fúnra ẹ̀, Abu Musab al-Barnawi, fi bọ́ sí ISWAP. Ìyá tó pe ọmọ ẹ̀ lórí fóònù wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí ISWAP ká Shekau mọ́ Sambisa lóṣù karùn-ún 2021 tó sì fi bọ́ǹbù pa ara ẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló tú jáde pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, kì í ṣe pé ìgbàgbọ́ wọn yí padà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀gá tí wọ́n ń bẹ̀rù ni ò sí mọ́. Ìjọba Borno ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, Hajj Camp ní Maiduguri ni wọ́n kó wọn sí, ìyẹn kì í ṣe Safe Corridor o, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Àwọn ọ̀gá ńláńlá sì tún ní ọ̀nà tiwọn tí wọ́n ń pè ní Sulhu, DSS ló ń darí ẹ̀, etí kì í gbọ́ nípa ẹ̀ púpọ̀.

Ó yá, ká wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé ẹ̀ burú. Ọkọ̀ òfurufú ń já ìwé pélébé sínú igbó pé ẹ jáde wá, a ò ní ṣe yín ní nǹkan kan, redíò ń sọ ọ́, ẹni tó bá wá gbà wọ́n gbọ́ tó jáde, ibi tó ṣeé ṣe kó kọ́kọ́ bá ara ẹ̀ ni Giwa Barracks ní Maiduguri, inú àhámọ́ àwọn sójà tí Amnesty, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ti kígbe lé lórí títí pé àwọn èèyàn ń kú síbẹ̀. Àwọn kan lo oṣù gbọọrọ níbẹ̀, àwọn kan lo ọdún, láìsí ẹjọ́, kí wọ́n tó gbé wọn lọ sí Gombe. Ẹ sọ fún mi, ẹni tó wà nínú igbó tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, ṣé ó máa jáde? Ẹ sì rántí ohun tó gbé ọ̀pọ̀ wọn wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tá a ti ń wo àrùn la tún ti ń kó o ràn wọ́n. Sítáà kan ti lọ níbẹ̀.

Inú kámpù fúnra ẹ̀ dáa, màá sọ tòótọ́. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n ṣètò ẹ̀ fún. Àwọn ààfáà ń jókòó tì wọ́n, dókítà ọpọlọ wà, wọ́n ń kọ́ ìwé kíkà, wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, bàtà ṣíṣe, gẹ̀rígẹ̀rí, káfíńtà, ọṣẹ ṣíṣe. Tí wọ́n bá parí, wọ́n á búra lórí Kùránì pé àwọn á jẹ́ olóòótọ́ sí Nàìjíríà, wọ́n á fún wọn ní irinṣẹ́ tí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Ti gẹ̀rígẹ̀rí yẹn gbà mí lọ́kàn jù, ẹ wò ó ná, ọkùnrin kan jókòó, ó gbé ọrùn ẹ̀ kalẹ̀, ẹlòmíì dúró sẹ́yìn ẹ̀ tòun ti abẹ lọ́wọ́, àwọn méjèèjì sì ti wà níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀bẹ dúńbú èèyàn rí. Tí wọ́n bá lè gẹrun fún ara wọn láìgbọ̀n, wọ́n ti kọ́ nǹkan kan. Ibí yìí ni mo ti fún wọn ní èyí tó pọ̀ jù nínú sítáà tí wọ́n gbà.

Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ tó dáa yìí, ẹni tí ò tiẹ̀ nílò ẹ̀ ni wọ́n ń fún jù. Ọmọ àbúrò bàbá Mállàm yẹn, kí lẹ fẹ́ kí ààfáà yọ lórí ẹ̀? Ilẹ̀ tó máa gbin jéró sí ló fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n yà lọ sí Jámánì díẹ̀. Iléeṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ EXIT-Deutschland, tó ń ran àwọn tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ neo-Nazi, ìyẹn àwọn tó ṣì ń tẹ̀lé èrò Hitler, lọ́wọ́, ọdún 2000 ni Bernd Wagner tó ti ṣe ọlọ́pàá rí àti Ingo Hasselbach tó ti jẹ́ olórí àwọn neo-Nazi rí dá a sílẹ̀. Lóṣù kẹjọ 2011, àwọn neo-Nazi ń ṣe àríyá orin ní ìlú Gera, ni àwọn EXIT bá fi T-shirt 250 ránṣẹ́ sí wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láìdárúkọ ara wọn, dúdú ni, agbárí òkú wà lórí ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìgbéraga tí wọ́n fẹ́ràn, wọ́n pín in, inú wọn ń dùn. Nígbà tí wọ́n délé tí wọ́n fọ̀ ọ́, agbárí ṣí dànù, ọ̀rọ̀ mìíì ló jáde lábẹ́ ẹ̀, pé ohun tí T-shirt rẹ lè ṣe, ìwọ náà lè ṣe é, a máa ràn ọ́ lọ́wọ́ láti kúrò ńbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. T-shirt yẹn ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kò pe ẹnikẹ́ni ní òmùgọ̀. Ó kàn jẹ́ kí ọmọ náà mọ ibi tó máa pè lọ́jọ́ tọ́rọ̀ bá sú u, lọ́jọ́ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá fẹ́ sun ilé ẹni ẹlẹ́ni, lọ́jọ́ tí ìyàwó ẹ̀ bá bímọ. Tó bá dá ọ̀ràn, ilé ẹjọ́ ṣì wà, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò ní tì í mọ́lé ọdún méjì torí pé ó pe fóònù. Mi ò ní kí wọ́n lọ pín T-shirt ní Sambisa o, kí ẹ má lọ gbé e ká.

Ọ̀nà àbájáde ńkọ́? Lóṣù keje 2020, 601 èèyàn ló jáde ní Mallam Sidi lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo Nàìjíríà ló pariwo. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume tó ń ṣojú Gúúsù Borno, ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun ò fara mọ́ ọn, pé àwọn tógun lé kúrò nílé ṣì wà ní kámpù tí wọn ò rí nǹkan gidi jẹ. Èmi rò pé ó jàre níbi tí wọ́n ti fi àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà tí mo sọ ti irinṣẹ́ fún Mállàm, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní, "Anti, wọ́n fún ẹni tó jáde níbẹ̀ ní ẹ̀rọ ìránṣọ. Èmi tí wọ́n sun ṣọ́ọ̀bù mi, kí ni wọ́n fún mi?" Ó ní òun ò ní kí wọ́n pa wọ́n o. Ó ní kí ẹni tó pa èèyàn kọ́kọ́ dúró níwájú àwọn ẹbí òkú kó sọ ohun tó ṣe, kí wọ́n wá jọ pín ẹ̀rọ ìránṣọ náà. Wọ́n dá ẹjọ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn tí wọ́n fura sí pé Boko Haram ni ní bárékè sójà ní Kainji láti 2017, sójà ló ṣọ́ ibẹ̀, Mállàm ò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni tó mọ̀ lára wọn. Ẹni tó bá jáde ní Mallam Sidi tó padà dé àdúgbò tí inú ti ń bí gbogbo èèyàn báyìí, ta ló máa gé irun lọ́dọ̀ ẹ̀? Ta ló máa gbé aṣọ fún un rán? Kámpù ò lè fi oṣù mẹ́fà ṣe èyí tó wà níta, owó tí wọ́n ń ná sínú ọgbà yẹn, ó yẹ kí ìdajì ẹ̀ máa bá wọn délé, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó máa gbà wọ́n.

Obìnrin ni èyí tí wọ́n tiẹ̀ gbàgbé pátápátá. Mallam Sidi ò gba obìnrin bó ti wulẹ̀ kó rí, ọkùnrin nìkan ni. Ìjọba Borno ní ibì kan fún wọn ní Bulumkutu ní Maiduguri, àmọ́ ìyẹn ò tó nǹkan lára iye àwọn tó jáde. Tí wọ́n bá délé, àdúgbò á máa pè wọ́n ní annoba, bí ẹni pé àjàkálẹ̀ àrùn ni wọ́n gbé wọlé, àti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé wá. Ìyàwó ọ̀gá Boko Haram kan wà tí wọ́n mú jáde lọ́dún 2016, ó ṣe ètò oṣù mélòó kan ní Maiduguri, ó sọ fáwọn oníròyìn pé òun ti kúrò nínú ẹ̀, nígbà tó di 2017 ó ti padà sínú igbó. Ẹrú ló ń fọṣọ fún un níbẹ̀, ẹrú ló ń dáná fún un, sójà Boko Haram ń bọ̀wọ̀ fún un. Ní Maiduguri kò níṣẹ́, kò lówó, aládùúgbò ń bú u. Ẹ máa bínú sí i, èmi náà ń bínú, torí àwọn ẹrú yẹn ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n jí gbé ni wọ́n. Àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kí èmi gbé sítáà sókè sí mẹ́rin, ẹ̀ka obìnrin ni kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ sí Mallam Sidi, tòun ti ibi táwọn ọmọ á máa gbé, kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ ìránṣọ mìíì.